Àwọn Ibi Tí Ìyá Ti Dúró

Òórùn kajú tó rà sábẹ́ igi ló kọ́kọ́ máa ń sọ sí mi lọ́kàn bí mo bá rántí ọ̀rọ̀ yìí, òórùn kíkan bíi ti ẹmu tó ti di ọjọ́ kẹta, nítorí òun ló gba gbogbo àdúgbò wa ní Kàbà lóṣù tí mo hu ìwà òmùgọ̀ náà. Jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi jẹ́wọ́ fún ọ kí o tó gbọ́ ọ níbòmíràn, ẹni tó bá kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín ni ẹ̀rín kì í pa lára. Mo ya ìyá àgbà kan ní fídíò níbi tó ti ń kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun. Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n gbáko ló fi kí wọn. Mo gbé e sórí kọ̀ǹpútà, mo gé e títí ó fi ku mẹ́sàn-án, mo fi ránṣẹ́, mo sì nu gbogbo ohun tó wà nínú káàdì kámẹ́rà kúrò kí n lè rí àyè ya ìgbéyàwó ọjọ́ Sátidé. Lẹ́yìn náà ni mo na ẹsẹ̀ sórí àga kejì, mo ń yin ara mi. Kò sì sí ẹni tó ní kí n gé ohunkóhun o.

O mọ̀ mí dáadáa. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ojú títì ni mo ti kọ́ ìyókù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, yíyà nìkan ni iṣẹ́ tèmi. Bí mo bá ya ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú tán, mo máa gbé e lọ fún ọkùnrin kan ní Lọ́kọ́jà, òun ni yóò gé e, tí yóò tún un tò. Ìgbà tí ọkọ ọmọ mi fi láptọ́ọ̀pù rẹ̀ àtijọ́ ta mí lọ́rẹ ni mo ní kí èmi náà máa gé nǹkan mi fúnra mi. Ará Lọ́kọ́jà náà jókòó tì mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo. Ó ní, "Ibí ni ẹ ti máa gé e, ibí ni ẹ ti máa yọ ọ́, báyìí ni ẹ ṣe máa so ó pọ̀." Mo ní, "Ó tán?" Ó ní, "Ó tán, Ọ̀gá." Ọ̀rọ̀ kò tán rárá, ṣùgbọ́n ọkọ̀ rẹ̀ ti ń kún ní gáréèjì, èmi náà kò sì fẹ́ kó mọ̀ pé kò tíì yé mi.

Ohun tó fa iṣẹ́ náà mọ́ mi lọ́kàn ni pé ojú ni mo fi ń ṣe é. Ohùn ènìyàn máa ń hàn lábẹ́ àwòrán bí òkè kéékèèké tó tò tẹ̀ lé ara wọn, bí àwọn òkè tó yí ìlú wa ká bí o bá wò wọ́n láti òpópónà. Ibi tí ẹni náà bá ti dákẹ́ á wá tẹ́ pẹrẹsẹ. Èmi á fa ìlà pupa tó ń tọ́ka ibi tí mo dé lọ sí ẹsẹ̀ òkè kan, màá gé e. Màá fà á dé ẹsẹ̀ òkè kejì, màá tún gé e. Màá yọ pẹ̀tẹ́lẹ̀ àárín kúrò, òkè méjèèjì á sì sáré fẹnu kora bí ẹni pé wọn kò jìnnà síra rí. Bí ènìyàn bá ka ení, àwòrán mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti kọjá lójú rẹ̀, mo sì ti mọ bí mo ṣe lè gúnlẹ̀ sórí ẹyọ kan péré nínú wọn. Bí mo bá fi àwòrán méjì gé jù, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ á fọ́. Bí mo bá fi méjì gé kù, wàá gbọ́ tí ènìyàn ń fa èémí bí ẹni tí wọ́n ń fún lọ́rùn. Èmi kì í gé jù, n kì í gé kù. Àwọn ọkọ ìyàwó máa ń sọ fún mi pé, "Fídíò yín kì í sú ni." Orí mi á wú.

Àṣírí mìíràn wà nínú rẹ̀ tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni nígbà náà. Ìyàwó mi ti lọ sí Àbújá láti bá ọmọ wa obìnrin wẹ ọmọ tuntun. Oṣù mẹ́ta ló dá fún mi. Ọmọ náà ti ń sáré kiri, ó ti ń bú àgbà, wọ́n tilẹ̀ ti bí òmíràn lé e, ìyàwó mi kò tíì dé. Mo tan rédíò kan sí yàrá, mo tan òmíràn sí pálọ̀, kí wọ́n máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, kí n lè máa gba àárín wọn kọjá bí onílé. Bí iná bá lọ tí bátìrì sì kú, tí ilé pa lọ́lọ́, mo lè gbọ́ ìrìn ọmọńlé lára ògiri. Màá dìde, màá jáde síta bí ẹni tí wọ́n pè, màá máa wo ojú ọ̀nà bí ẹni tó ń retí àlejò. Èmi, ọkùnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí mo ti fi àdá pa ọká lóko rí. Ìdákẹ́jẹ́ ni mo ń sá fún. Nítorí náà, bí mo bá rí ibi tó tẹ́ pẹrẹsẹ lórí kọ̀ǹpútà, ọwọ́ mi kì í dẹ̀ rárá. Àánú kankan kì í ṣe mí.

Ìyá tí mo ń sọ yìí ni aládùúgbò mi, ògiri tí kò ga ju àyà lọ ló là wá láàárín. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, etí rẹ̀ sì ti wúwo débi pé fóònù kò wúlò fún un mọ́. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń gbé lókè òkun pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin, ó sì ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí kò wálé, nítorí ìwé tí yóò fi lè jáde kó tún padà wọlé kò tíì bọ́ sí i lọ́wọ́. Òun ló ní kí n ya ìyá òun, kí àwọn ọmọ òun lè rí i, kí wọ́n mọ ojú rẹ̀. Mo gbé kámẹ́rà lọ láàárọ̀, mo gbé ìyá jókòó sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ lábẹ́ igi kajú. Ó wé gèlè aláwọ̀ ewé, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó kí wọn bí a ṣe ń kíni ní Kàbà, ó ní, "Okun o." Ó pe orúkọ ọmọ rẹ̀. Ó dákẹ́. Ó mi orí. Ó kí ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó dákẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí àwọn ọmọ ọmọ níkọ̀ọ̀kan, ó ń bi wọ́n nípa ilé ìwé, ó ń bi wọ́n nípa òtútù, ó ń dákẹ́ lẹ́yìn gbogbo ìbéèrè. Èmi tí mo wà lẹ́yìn kámẹ́rà ń rò ó lọ́kàn mi pé ìyá ń wá ọ̀rọ̀ tó kàn, pé màá bá a tún un ṣe bí mo bá délé. Mo sì tún un ṣe lóòótọ́.

Ọjọ́ kẹta tí mo fi ránṣẹ́ ni ọmọ náà pè mí. Mo ti múra láti gba oríyìn.

"Bọ̀ọ̀dá," ó ní, "kí ló ṣe ìyá mi?"

"Kò sí nǹkan kan. Ara wọn dá ṣáká."

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ má tàn mí. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ajá ń lé. Wọn kò mí. Orí wọn ń fò síhìn-ín fò sọ́hùn-ún. Wọ́n pe ọmọ mi, kí ọmọ tó la ẹnu wọ́n ti bọ́ sórí èkejì. Wọ́n bi mí bí ara mi ti rí, wọn kò tilẹ̀ dúró gbọ́. Ìyá tó bí mi kọ́ nìyẹn. Ṣé wọ́n ti ń ṣarán ni?"

Ọ̀rẹ́, ibi tó yẹ kí n ti sọ òótọ́ nìyẹn. Gbólóhùn kan péré ni. "Èmi ni mo gé e," ó tán. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí pé yóò sọ pé mo ba nǹkan òun jẹ́, pé ìròyìn á tàn pé n kò mọṣẹ́, mo sì mọ̀ pé káàdì ti ṣófo, n kò ní nǹkan kan tí mo lè fi tún un ṣe. Mo wúkọ́ díẹ̀. Mo ní, "Ṣé o mọ̀ pé àgbà ni. Bí àgbà ṣe ń rí náà nìyẹn." Mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bíi dókítà. Ó mí kanlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó pa fóònù.

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, wọ́n ti ṣèpàdé lé e lórí. Àbúrò ọmọkùnrin náà, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ọba ní Àbújá, ní òun yóò wá fi mọ́tò gbé ìyá lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, kí ó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, wọn kò lè fi ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ń dà rú sílé ní òun nìkan. Wọ́n rán ìbátan kan sí ìyá pé kí ó máa di ẹrù. Àbújá tó ti gba ìyàwó mi tún ń bọ̀ wá gba ẹni tó kù tí mò ń rí lójoojúmọ́. Èmi náà ni mo sì fi ọwọ́ ara mi ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Ìyá kò sunkún. Ó wá sílé mi lọ́jọ́ Ajé, ó fi ọ̀pá rẹ̀ gbá ilẹ̀kùn, ó wọlé, ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà bí ẹni tó wá gbọ́ ẹjọ́.

"Fi hàn mí," ó ní. "Fi ohun tí mo sọ hàn mí, tí wọ́n fi ní orí mi ti yí."

Mo tàn án fún un. Kò gbọ́ ohùn náà dáadáa, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mú ju tèmi lọ. Ó wo ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì, ó wò mí, ó tún wo ara rẹ̀.

"Ta ni obìnrin yìí? Orí rẹ̀ ń fò bíi ti alángbá."

"Ẹ̀yin ni, Ìyá."

"Èmi kọ́. Wo ẹnu rẹ̀. Ó kí àkọ́bí mi, kò dúró kó dáhùn. Ó kí ìyàwó, kò dúró. Ó ń da okun sílẹ̀ bí ẹni ń da omi ìfọṣọ nù." Ó yọ gèlè orí rẹ̀, ó tún un wé. "Ìyá mi ì bá ti fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá mi lẹ́nu. Ta ló sọ mí di aláìlẹ́kọ̀ọ́ báyìí?"

Kí ni mo sọ? Mo tọ́ka sí láptọ́ọ̀pù. Mo pariwo sí i létí pé, "Kọ̀ǹpútà ni!" Ó wo kọ̀ǹpútà náà pẹ́, bí ènìyàn ṣe ń wo ọmọ ẹlòmíràn tó ṣe ohun tí kò dára, ó dìde, ó lọ. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bí sí Kàbà ni mí. Mo mọ̀ láti kékeré pé ìkíni wa kì í pé títí ẹni tí a kí yóò fi dáhùn, pé bí ọmọdé bá kọjá láìdúró gbọ́ ìdáhùn, wọ́n máa dá a padà ni, kó wá kí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Okun tí à ń kí nílé lóko ni a fi dá wa mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń dúró de ìdáhùn lọ́wọ́ kámẹ́rà? Ohun tí mo rò nìyẹn. Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé kì í ṣe kámẹ́rà ni ìyá ń wò.

Láti ọjọ́ náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún un. Rẹ́rìn-ín bó bá wù ọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí ògiri, "Okun o!" Ife gààrí wà lọ́wọ́ mi, mo wọ ilé ìdáná, mo fara ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mo ní bí ó bá ti ké e lẹ́ẹ̀kan yóò lọ. Mo gba ojú ihò kọ́kọ́rọ́ wò ó. Kò ké e lẹ́ẹ̀kejì. Ó kàn dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì lórí ògiri, orí rẹ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń wo ojú fèrèsé mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ení, èjì. Nígbà tí mo ka ogún, ó fi ọwọ́ kan etí. Nígbà tí mo ka ọgbọ̀n, ó ní, sí ara rẹ̀, "Bàtà rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà." Mo ka á dé àádọ́ta. Gààrí mi ti wú bo ife. Kò sí ohun tó ṣófo nínú dídúró yẹn, ọ̀rẹ́. Ó kún débi pé èmi tí mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kò rí ibi gbé ojú sí. Ìgbà yẹn ni mo mọ ohun tí mo ti yọ kúrò nínú fídíò rẹ̀, tí mo dà nù bí èèpo iṣu.

Mo gbé láptọ́ọ̀pù sínú àpò ìrẹsì, mo wọ mọ́tò lọ sí ìlú Ìyàrá, níbi tí obìnrin kan ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní kọ̀ǹpútà. N kò mọ̀ ọ́n rí, wọ́n kàn júwe rẹ̀ fún mi ni. Ó pè mí ní Bàbá, ó dùn mí díẹ̀, nítorí mo ti kun irun mi ní dúdú láàárọ̀ náà. Mo ro ẹjọ́ mi fún un. Mo ní mo ti gé e, ó ti lọ.

"Bàbá, ta ló sọ fún yín pé ó ti lọ?"

"Mo nu káàdì."

"Ẹ kó o sórí kọ̀ǹpútà kí ẹ tó nù ún àbí ẹ ò kó o?"

"Mo kó o. Àmọ́ mo ti gé e!"

Ó rẹ́rìn-ín, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fi màósì gbé atọ́ka dé etí ibi tí mo ti gé, ó dì í mú, ó fà á. Ohun tí mo rò pé ó ti kú bẹ̀rẹ̀ sí í gùn jáde: ẹnu ìyá pa dé, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí orúnkún, ó ń dúró. Ara mi bù máṣọ.

"Ẹ rí i," ó ní, "ọ̀bẹ kọ́ ni nǹkan yìí. Bí aránṣọ ṣe ń ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò ọmọ sínú ni. Bí ọmọ bá ga, wọ́n á tú u. Ẹ kàn ká ìyá yẹn sínú jù ni." Bí mo ṣe ń dì í sínú àpò ìrẹsì mi, ó tún pè mí padà. "Bàbá, ẹ yé fi ojú gé e. Etí ni kí ẹ máa fi gé e."

Ọjọ́ méjì ni mo fi tú u. Kì í ṣe pé mo kàn dá gbogbo rẹ̀ padà wọ̀ọ̀. Mo gé ọ̀kadà tó kọjá, mo gé ewúrẹ́ tó fẹ́ jẹ ẹsẹ̀ kámẹ́rà, àwọn yẹn kò jẹ́ ti ìyá. Ṣùgbọ́n mo pa rédíò méjèèjì, mo ti fèrèsé, mo sì ń gbọ́ ibi dídúró kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rẹ̀, mo ń fà á síwájú ní àwòrán kan, àwòrán kan, títí dé ibi tí ìyá bá ti mi orí, nítorí mo ti wá mọ̀ pé ibẹ̀ ni ó ti gbọ́ ìdáhùn. Wọn kò gùn bákan náà. Ti àkọ́bí kúrú, ó dá a lójú pé ọkùnrin náà ń gbọ́. Ti ìyàwó ọmọ rẹ̀ gùn díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fún àlejò láyè kó wá ọ̀rọ̀. Ìgbà tó dé orí ọmọ ìkẹyìn, èyí tí kò fojú rí rí, ìyá fi ọwọ́ sẹ́yìn etí rẹ̀, ó tẹ̀ síwájú sí kámẹ́rà, ojú rẹ̀ gba gbogbo àwòrán. Etí tí kò gbọ́ aago ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ ló ń nà sí ọmọ tó wà lódìkejì òkun.

Níbẹ̀ ni mo ti rí òkè kékeré kan tí kò ga ju ebè lọ, nínú pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí mo ti yọ dànù tẹ́lẹ̀. Mo ti rò pé ariwo ni. Mo gbé ohùn rẹ̀ sókè. Ohùn ọkùnrin kan ni, ó há, ó wà lábẹ́lẹ̀, ó ní, "Okun o, Ìyá." Èmi ni. N kò mọ̀ pé mo la ẹnu. Mo wá a síwájú, mo tún rí òmíràn, àti òmíràn. Ní gbogbo ibi tí ìyá ti dúró pẹ́, èmi tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà ti ń dá a lóhùn dípò wọn, ẹ̀kọ́ ilé ti ń ṣiṣẹ́ lẹ́nu mi láìgba àṣẹ. Lẹ́yìn náà ni mo wá jókòó sílé tí mo gé ara mi kúrò.

Mo fi í ránṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún. Ìyàwó mi pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bí ó ṣe máa ń pè. Bí a ṣe máa ń ṣe é ni pé yóò bi mí bóyá mo ti jẹun, màá ní mo ti jẹ, yóò dákẹ́, èmi yóò sì yára sọ pé, "Ó dáa, kí wọn nílé." Lọ́jọ́ náà, nígbà tó dákẹ́, mo pa ẹnu mi mọ́. Mo gbọ́ ẹkún ọmọ, mo gbọ́ ìdérí ìkòkò tó jábọ́, mo gbọ́ èémí rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó sọ pé, "Ilé yìí kún o, àmọ́ kò sí ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀." Mo kàn ní mo ń gbọ́. Ó wá ṣe mí bí ẹni pé ọ̀rọ̀ yẹn ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún tó kọjá, tí mò ń gé e lójoojúmọ́ kí ó tó dé ètè.

Ọjọ́ Ẹtì ni ọmọ ìyá pè. "Bọ̀ọ̀dá," ó ní, ó sì dákẹ́. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo di etí tábìlì mú, ṣùgbọ́n mo dúró.

"Ta ló ń dáhùn lẹ́yìn yẹn?" ó ní.

"Èmi ni. Èmi náà ni mo gé ti àkọ́kọ́. Orí ìyá yín pé. Èmi ni n kò lórí."

Mo retí èébú. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ní omi nínú. Ó ní ọmọ òun ìkẹyìn ti ń dá ìyá lóhùn lójú ẹ̀rọ, pé ohùn mi gan-an ló ń fi dáhùn, ohùn há, bí ọmọ tí ọ̀fìnkìn ń ṣe. Ó ní gbogbo ilé ń jókòó láti dáhùn, pé wọ́n ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹrin. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ yí padà. "Àmọ́ àbúrò mi ti rọ epo sínú mọ́tò. Ó ní bí orí wọn tilẹ̀ pé, àwọn nìkan ni wọ́n dá wà. Èmi kò mọ ohun tó tọ́ mọ́. Ẹ bá mi bi wọ́n. Ohun tí wọ́n bá fi ẹnu ara wọn sọ ni a máa ṣe."

Ọ̀rẹ́, ìrìn láti ilé mi dé ti ìyá kò gùn tó ti ọjọ́ náà rí, ògiri kan péré sì ni mo yí po. Mo ń rò ó pé bí mo bá bi í, tó ní òun fẹ́ lọ, kí ni màá ṣe? Mo ń wá bí mo ṣe lè bi í kó má dà bí ẹ̀bẹ̀. Mo bá a lẹ́nu ọ̀nà, ẹrù rẹ̀ ti wà nínú báàgì méjì, ó jókòó tì wọ́n bí ẹni tó wà ní gáréèjì. Ó kí mi, mo dáhùn, ó mi orí. Mo gbé kámẹ́rà kalẹ̀. Mo kọ́kọ́ sọ fún un pé kọ̀ǹpútà kò jẹ̀bi, pé èmi ni mo gé e. Ó ní, "Mo mọ̀. Kọ̀ǹpútà kì í yẹra fún mi lójú." Mo wá fi ẹnu sí etí rẹ̀, mo bi í bóyá ó fẹ́ lọ máa gbé ní Àbújá.

Ó wo àwọn báàgì náà. Ó wo ojú ọ̀nà. N kò kà á lọ́jọ́ náà, n kò mọ iye ìgbà tó fi dákẹ́, mo kàn mọ̀ pé àkùkọ kan kọ, pé ewé kajú méjì já bọ́ sórí àwọn báàgì náà, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò sì gbọ̀n wọ́n kúrò. Gbogbo ìdákẹ́jẹ́ yẹn ṣì wà nínú fídíò tí mo fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ rẹ̀, n kò gé nǹkan kan níbẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ sì ni mọ́tò Àbújá kò wá mọ́. Ó gbé ojú sókè sí kámẹ́rà, ó ní:

"Mo ti lọ síbẹ̀ rí. Mo kí ọmọ mi láàárọ̀, ó ní, 'Màmá, mo ti pẹ́.' Ìgbà tó ti ibi iṣẹ́ dé ló ní, 'Okun o.' Ọmọ dáadáa ni, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un kó má wulẹ̀ wá. Èmi kò lè máa gbé níbi tí wọ́n ti ń fi ìrọ̀lẹ́ dáhùn ìkíni àárọ̀."